Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Èsì sí Lẹ́tà Yín Lórí Àwọn Tó Ń Bú Èèyàn Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá ni mo ní kí ẹ kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jókòó sídìí fóònù, tí wọ́n á máa bú ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, àwọn tí òyìnbó ń pè ní troll, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dùn yín tó báyìí. Lẹ́tà wá láti Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò, Ọ̀yẹ́, títí kan ọmọ Èkìtì kan tó ń gbé ní Kánádà. Mo yọ orúkọ gbogbo yín kúrò bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì gé àwọn tó gùn jù. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí mi ò tíì lè gbàgbé.

Àǹtí, kí ni mo ṣe fún wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń gbé, iyán ni mo ń gún tà, mo sì máa ń gba iṣẹ́ òde. Ọmọ mi àgbà ló ní kí n máa ṣe fídíò bí mo ṣe ń gúnyán kí n máa fi sórí TikTok kí àwọn kọ́sítọ́mà lè rí mi, mo ṣe é, ó sì ń lọ dáadáa. Nínú oṣù Kẹta ni mo ṣe ọ̀kan, mo ń gún, mo ń kọrin, mo wá ní "ẹ wá jẹ uyán gbígbóná" bí a ṣe ń pè é nílé wa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹnì kan tí mi ò mọ̀, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló fi ṣe fọ́tò ara ẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ wo apá bí ọmọ odó, ṣé uyán ni àbí ìyà." Bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn kan ń sín ẹnu Èkìtì jẹ, àwọn kan ní òógùn mi ló wà nínú iyán. Àwọn tó yìn mí pọ̀ o, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí, èébú yẹn nìkan ni mo máa ń rántí. Aago méjì òru ni mo máa ń jí kà á, mo á da aṣọ bo fóònù kí bàbá àwọn ọmọ mi má baà rí iná ẹ̀. Ó ti pé oṣù méjì tí mi ò ṣe fídíò mọ́, bùbá ọlọ́wọ́ gígùn ni mo sì ń wọ̀ gúnyán báyìí nínú ooru. Kí ni mo ṣe fún wọn?
*Ìyá Oníyán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Ìyá Oníyán mi, ẹ ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí mo mọ̀ pé láti oṣù méjì yìí lẹ ti ń yẹ ara yín wò, tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ti ṣẹ̀. Nígbà tí mo kà á dé ibi bùbá ọlọ́wọ́ gígùn yẹn, ńṣe ni mo gbé e sílẹ̀ tí mo lọ dúró níta fúngbà díẹ̀.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wò ó dáadáa, gbogbo nǹkan tó ń ká wa lọ́wọ́ kò tá a bá wà pẹ̀lú ẹlòmíì, ara ojú la gbé e kọ́. Tá a bá hùwà tí ò dáa, ojú ló ń tì wá, kì í ṣe ẹnu, kì í ṣe ọwọ́. Ẹni tó bá ya aláìnítìjú, a ní kò lójútì. Kódà ẹnu Èkìtì tí wọ́n ń sín jẹ yẹn, ẹnu wa gidi ò ní "ẹ̀yin" téèyàn fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo bíi ti ará Ọ̀yọ́, "ìwọ" lọmọ ń pe bàbá ẹ̀ nílé, àlejò á gbọ́ ọ á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá wa gbé mọ̀ pé ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa, ó wà nínú ìkúnlẹ̀, ó wà nínú bí ọmọ ṣe ń rẹ ojú sílẹ̀ tó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Fóònù wá yọ ojú kúrò, ó fi ọ̀rọ̀ nìkan sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe èmi nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2012, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Haifa ní Ísírẹ́lì, Noam Lapidot-Lefler àti Azy Barak, kó èèyàn 142 jọ, wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, wọ́n ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà jíròrò ọ̀rọ̀ kan tó le kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lé e lórí. Wọ́n fi orúkọ àwọn kan pamọ́, wọ́n fi tàwọn kan hàn, àwọn kan ń rí ara wọn, àwọn kan ò rí ara wọn, àwọn kan sì wà tí kámẹ́rà jẹ́ kí wọ́n máa wo ẹyinjú ara wọn. Ohun tí gbogbo wa máa rò ni pé àwọn tí orúkọ wọn fara sin ló máa bú ara wọn jù. Rárá o, àìwo ẹyinjú ara wọn ló fa èébú jù.

Onímọ̀ ọkàn kan ní Amẹ́ríkà, John Suler, ti kọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ ní 2004. Ó ní oríṣiríṣi nǹkan ló para pọ̀ tó ń tú èèyàn ní ìjánu lórí íntánẹ́ẹ̀tì: wọn ò mọ̀ ọ́, wọn ò rí ẹ, o lè sọ̀rọ̀ tán kó o sá lọ láìdúró wo bó ṣe bá ẹni tó o sọ ọ́ sí. Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú ohun tó kọ ni pé tá a bá ń ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lórí fóònù, inú orí tiwa la ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀, kò pẹ́ tí onítọ̀hún á fi dà bí ẹni inú eré orí ìtàgé tí àwa fúnra wa kọ. Ẹni tó kọ "apá bí ọmọ odó" yẹn, ẹ̀yin kọ́ ló ń bá wí, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́. Kò mọ̀ pé ẹ bímọ mẹ́ta, kò mọ iye tí iṣu ń jẹ́ lọ́jà báyìí, kò rí ọwọ́ yín tó ti le. Àwòrán kan ló ń mì níwájú ẹ̀, ó sọ òkò lù ú, ó sì ti gbàgbé kí ẹ̀yin tó jí ka ohun tó kọ.

Ẹ̀yin náà sáà mọ eégún. Ẹni tó bá ti bọ́ sábẹ́ aṣọ máa ń sọ ohun tí kò lè sọ nínú bùbá àti ṣòkòtò ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa mọ̀ pé agbára yẹn léwu, ìdí nìyẹn tí eégún fi ní atókùn tó ń tẹ̀ lé e, tó ní ọjọ́ tó ń jáde àti ọjọ́ tó ń wọlé, tí àwọn àgbà sì mọ agbo ilé tó ti jáde. Eégún orí fóònù ò ní atókùn, kò sì sọ́jọ́ tí wọ́n ń mú un wọlé.

Ní ti pé èébú nìkan lẹ̀ ń rántí, kì í ṣe àṣìṣe yín. Bí wọ́n ṣe dá ọkàn èèyàn nìyẹn, Roy Baumeister àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ìwé lé e lórí ní 2001, pé ohun búburú a máa wọni lára ju ohun rere lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín àgbà bá yín wọ ibi tí wọ́n ti ń tún kọ́mẹ́ǹtì ṣe lórí TikTok, ó lè kó àwọn ọ̀rọ̀ bíi "odó" àti "apá" síbẹ̀, kọ́mẹ́ǹtì tó bá ti ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní hàn mọ́, kó sì bílọ́ọ̀kì ẹni tó ní bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà ni kó máa ka kọ́mẹ́ǹtì fúngbà díẹ̀, ẹ̀yin ẹ máa gbọ́ ti kọ́sítọ́mà. Fóònù kó máa sùn ní pálọ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bùbá ọlọ́wọ́ gígùn yẹn. Apá yẹn ló ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta.

Èmi ni mo ń ṣe é

Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Mo ka ohun tí ẹ kọ lóṣù tó kọjá, ara mi sì bù máṣọ. Èmi wà lára àwọn tó ń ṣe é. Adó ni mo ti ń kàwé. Ìgbà sítíráìkì 2022 ni mo bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́jọ tá a fi jókòó sílé láìṣe nǹkan kan, mo ṣí àkáǹtì kejì, mo fi orúkọ obìnrin sí i, mo sì ń lọ káàkiri, ibi tí mo bá ti rí ẹni tó ń ṣe bíi pé inú òun dùn ni mo ti ń kọ nǹkan tó máa bà á nínú jẹ́. Wọ́n máa ń fi ẹ̀mójì ẹ̀rín fún mi, ọjọ́ kan ó tó 340, inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo wọlé sí yunifásítì lọ. Ìgbà tá a padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ náà mi ò fi í sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó ń kọrin ẹ̀mí, ohùn ẹ̀ ti gbó, mo kọ nǹkan kan nípa eyín ẹ̀ tí mi ò lè tún kọ síbí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo ń mu gààrí nínú yàrá, ìyá rúùmùméètì mi pè é, ó ní bàbá ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, pé ó ní òun ò kọrin mọ́, àwọn èèyàn ń fi eyín òun ṣẹ̀fẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e sẹ́nu, mi ò sì lè gbé e sílẹ̀. Bàbá ẹ̀ ni. Mi ò tíì sọ fún un títí dòní. Ṣé mo burú ni, àbí nǹkan ń ṣe mí?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì*

Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ ọ́. Kò rọrùn láti kọ, mo sì fẹ́ dá ẹ lóhùn bí mo ṣe máa dá ọmọ inú mi lóhùn.

Àwọn kan wà tí ìyà ẹlòmíì máa ń dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní 2014, Erin Buckels àti àwọn méjì míì ní Kánádà bi àwọn èèyàn léèrè nípa ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti máa ṣe tí wọ́n bá ń kọ kọ́mẹ́ǹtì, 5.6% péré ló sọ pé kí àwọn máa tọ́ ẹlòmíì níjà ló wu àwọn jù, àwọn yẹn náà sì ni ìfẹ́ àtimáa dá èèyàn lóró hàn jù nínú ìwà wọn. Ní 2017, Natalie Sest àti Evita March ní Ọsirélíà rí nǹkan míì tó bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ: àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tó ń dun ẹlòmíì, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ kì í dun àwọn. Wọ́n mọ ibi tí egbò wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń tẹ̀.

Mi ò rò pé ara wọn ni ìwọ. Ṣíbí tó dúró sí ẹ lọ́wọ́ yẹn ló sọ fún mi.

Ṣùgbọ́n má tíì mí kanlẹ̀ o, torí iṣẹ́ ìwádìí tó kàn ẹ ṣì ń bọ̀. Lọ́dún 2017 kan náà, Justin Cheng àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Stanford àti Cornell mú èèyàn 667, wọ́n fún àwọn kan ní ìdánwò tó rọrùn, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó le gan-an kí inú wọn lè bàjẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n ka ìròyìn kan kí wọ́n kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ ẹ̀. Àwọn kan bá èébú tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ ṣáájú, àwọn kan bá ọ̀rọ̀ tó mọ́. Àwọn tí inú wọn dáa, tí wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ tó mọ́, 35% ló kọ ìkọkúkọ. Àwọn tí inú wọn ti bàjẹ́, tí wọ́n tún bá èébú níbẹ̀, ó di 68%. Ẹni kan náà tó ń kí ará àdúgbò ní àárọ̀ ni o. Wọ́n tún yẹ kọ́mẹ́ǹtì mílíọ̀nù 16 wò lórí ojúlé CNN, wọ́n rí i pé òru ló máa ń pọ̀ jù, àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ìgbà tí ara ti rẹ èèyàn tí inú sì ń bí i. Wo oṣù mẹ́jọ tó o fi jókòó sílé, o ò mọ ìgbà tó o máa jáde ìwé, kò sówó lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ tó lọ yunifásítì aládàáni ti ń ya fọ́tò ìjáde, o wá ń rí ẹni tínú ẹ̀ dùn lórí fóònù. Inú ló ń bí ẹ, ọmọ mi. Kì í ṣe àwọn èèyàn yẹn ló bí ẹ nínú, àwọn ni ọwọ́ ẹ tó.

Ẹ̀rín wá bọ́ sí i. Mi ò fẹ́ kí o fojú kéré ẹ̀rín 340 yẹn, òun ló dè ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò rẹ́ni yìn ín nílé, tí kò rẹ́ni yìn ín níléèwé, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan, èèyàn 340 rẹ́rìn-ín. Láyé àtijọ́, tí ìyàwó ilé bá ń bá orogún ẹ̀ jà, tó ń dárin ọ̀tẹ̀, àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ló ń mú un gbóná, tí wọn ò bá gbè, orin á tutù lẹ́nu ẹ̀. Àwọn 340 yẹn ló gbè é fún ẹ, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ojú ewé yìí, tí kò bú ẹnikẹ́ni rí àmọ́ tó ti tẹ ẹ̀mójì ẹ̀rín sábẹ́ èébú, mọ̀ pé a ń bá òun náà wí.

O bi mí bóyá o burú. Ohun tó o ṣe burú. Wọ́n ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ló máa bà, ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe bàbá rúùmùméètì ẹ ńkọ́? Bàbá ẹlòmíì ni ì bá jẹ́, ṣíbí ì bá má dúró. Ìyẹn ni kí o rò.

Báyìí ni mo ṣe rò pé kí o ṣe é. Pa àkáǹtì yẹn rẹ́ lónìí, kó tó di pé o tún kọ nǹkan míì síbẹ̀ láti fi tọrọ àforíjì. Sọ fún rúùmùméètì ẹ, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, má lo WhatsApp, ó lè bínú, ó lè kó kúrò ní yàrá, gbà á bẹ́ẹ̀. Tó bá gbà fún ẹ, kí ẹ jọ wọ mọ́tò lọ sílé wọn, kí o dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yẹn kí ó rí ojú ẹ kí ìwọ náà rí tiẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé á dárí jì ẹ́ lọ́jọ́ náà. Tó bá gbà kí o jókòó, kí o ní kó kọrin.

Ṣé kí n máa dá wọn lóhùn?

Mà, ọmọ Ìlawẹ̀ ni mí, Kánádà ni mo ń gbé. Tí wọ́n bá bú mi mo máa ń bú wọn padà, ìyàwó mi ní mo ń fàkókò ṣòfò. Ta ló jàre?
*Ọmọ Èkìtì, Kánádà*

Ìyàwó yín ló jàre. Ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ troll yìí ti wá? Apẹja ló ni ín, ó máa ń ju ìwọ̀ tó ní ìjẹ sómi, á máa fi ọkọ̀ ojú omi wọ́ ọ tẹ̀ lé ara ẹ̀ títí ẹja kan á fi gbé e mì. Àwọn tó kọ́kọ́ ń lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láyé Usenet, ìyẹn ibi ìjíròrò orí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ní nǹkan bí 1990, bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó máa múnú bí aláìmọ̀kan kó lè gbé e mì. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bú wọn padà, ẹ ti gbé ìwọ̀ mì nìyẹn.

Kí ìjọba fi dandan lé e kí kálukú lo orúkọ ẹ̀

Sí Olóòtú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìjerò. Èmi ò rí ìdí tí ìjọba ò fi ní sọ ọ́ di òfin pé orúkọ gidi ni kí kálukú máa fi kọ̀rọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ti so NIN pọ̀ mọ́ síìmù, kí ló tún kù? Tí olè bá mọ̀ pé wọ́n mọ ilé òun, á jáwọ́.
*Tíṣà, Ìjerò-Èkìtì*

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú sà, èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan ti dán an wò ṣáájú wa. Ní 2007, Kòríà Gúúsù ṣe òfin pé kí àwọn ojúlé ńláńlá máa béèrè orúkọ gidi àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ̀rọ̀. Ní 2011, àwọn adigunjalè orí kọ̀ǹpútà wọlé sínú ojúlé ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, wọ́n kó ìsọfúnni èèyàn bíi mílíọ̀nù 35 lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2012, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ wọn fagi lé òfin náà, wọ́n ní kò dín èébú kù tó bó ṣe yẹ, ó sì ń dí ẹnu àwọn tó ní ọ̀rọ̀ òtítọ́ láti sọ.

Ní Jámánì, àwọn olùwádìí kan yẹ ọ̀rọ̀ tó ju 500,000 lọ wò, tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín 2010 sí 2013, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2016. Àwọn tó fi orúkọ ara wọn hàn ló tiẹ̀ gbóná lẹ́nu jù. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí bí ọ̀rọ̀ òṣèlú ṣe máa ń rí nílẹ̀ yìí tí ìbò bá ti ń sún mọ́, kò yà mí lẹ́nu mọ́. Ẹni tó gbà pé òun ń jà fún òtítọ́ kì í fi orúkọ pamọ́, èébú yẹn oyè ni lójú ẹ̀.

Ẹ sì má gbàgbé pé òfin ti wà nílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, abala 24 ẹ̀ bó ṣe wà kí wọ́n tó tún un ṣe, fi owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lé e fún ẹni tó bá ń fi ìránṣẹ́ da ẹlòmíì láàmú. Àwọn alágbára ló rí i lò jù, wọ́n fi ń gbé àwọn akọ̀ròyìn, débi pé ilé ẹjọ́ ECOWAS ní 2022 sọ fún Nàìjíríà pé kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Ìyá Oníyán ò ní lówó lọ́yà, sà. Èmi gbà pé tí ẹnì kan bá ní òun máa pani, tàbí tó ń gbé ìhòòhò ẹni káàkiri, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá kíá. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ni ojú. Mo lè mọ orúkọ yín àti ilé yín, kí n má sì rí yín rí, á ṣì rọrùn fún mi láti bú yín.

Wọ́n fi ojú ọmọ mi ṣe sítíkà

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ níbi tó ti ń sunkún ní kíláàsì, wọ́n sọ ọ́ di sítíkà, wọ́n ń fi ṣeré nínú gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wọn. Èèyàn 46 ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní ó tó. Ó ní inú ń run òun láràárọ̀, kò fẹ́ lọ síléèwé. Bàbá ẹ̀ ní kí n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé kí n gbà á?
*Ìyá Ọmọ, Ọ̀yẹ́-Èkìtì*

Ẹ má gbà á o, ìyá mi. Tẹ́ ẹ bá gbà á, ohun tó máa yé e ni pé òun ló ṣẹ̀, nígbà míì kò sì ní sọ fún yín mọ́. Ẹ jókòó tì í lálẹ́ òní, ẹ̀yin méjèèjì, kó fi gbogbo ẹ̀ hàn yín, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yẹn pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó fi sítíkà náà ránṣẹ́, kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ìrora inú yẹn, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ̀rù máa ń gba inú ọmọdé jáde bẹ́ẹ̀.

Àwọn 46 yẹn ló ń dùn mí jù. Ní 1968, John Darley àti Bibb Latané ní Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò kan, ẹnì kan ń ṣe bíi pé wárápá gbé òun, àwọn míì ń gbọ́ ọ láti yàrá mìíràn. Ẹni tó rò pé òun nìkan ló ń gbọ́, 85% wọn jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn yẹn tó dákẹ́. Ẹni tó rò pé àwọn mẹ́rin míì ń gbọ́ pẹ̀lú òun, 31% péré ni. Ìyẹn ni pé bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kálukú ń retí pé ẹlòmíì á sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ 46 yẹn ni inú wọn ò dùn sí i, mo lè fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà, mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì, wọ́n á ní "mà, mo rò pé ẹlòmíì máa sọ̀rọ̀."

Nítorí náà, ẹni kan lẹ nílò, ẹ ò nílò 46. Ẹ bi ọmọ yín pé nínú gbogbo wọn, ta ló máa ń bá òun jẹun nígbà ìsinmi. Ẹ wá ìyá ọmọ yẹn kàn, ẹ lọ sílé wọn lójúkojú, ẹ ní kí ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú gúrúùpù, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọ́", kó má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa rí i pé ẹlòmíì á gbè é. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jọ mú un lọ síléèwé, ẹ béèrè tíṣà olùdámọ̀ràn, ẹ kó àwòrán yẹn dání, kí wọ́n pe ọmọ tó ṣe sítíkà náà àti òbí ẹ̀ wá kí gbogbo yín jókòó nínú yàrá kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lù ú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ ohun tó ṣe òun lójú ẹ̀, kí ọmọ kejì sì gbọ́ ọ láti ẹnu ẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ Túsìdeè, kí n mọ bó ṣe lọ.